Yàrá Kẹfà ní Ilé Bàbá Wa

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹrin

Aṣọ ibùsùn mọ́kànlá ni mo fọ̀ lónìí. Okùn kò gbà á tán. Mo sá ìyókù sórí fẹ́ǹsì, ewúrẹ́ àwọn ará iwájú wá ń fi imú kàn án. Mo lé e.

Ìwé yìí ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìdáná sílẹ̀ níléèwé. Ó tó àkókò kí n lò ó. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi, n kò rí ará ilé tí mo lè sọ ọ́ fún. Àlejò ló kún ilé.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé bàbá wa nìyí ní Irolu: yàrá mẹ́fà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Èmi nìkan ni mo ń gbé ibẹ̀. Dálémoṣú ni mí, ọdún kẹtàdínlógún rè é tí mo ti kẹ́rù kúrò nílé ọkọ. Yàrá ìyá mi, Àwẹ̀ró, ni mo padà sí. Àbúrò mi Dúrótìmí, ọmọ ìyàwó kejì, wà ní Èkó. Ọmọ ìyá rẹ̀ méjì wà lókè òkun. Lọ́dún tó kọjá Dúrótìmí kun ilé, ó lẹ táìlì, ó ra bẹ́ẹ̀dì márùn-ún, ó ní ilé ti di ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí tó ń wá wo ọmọ wọn ní yunifásítì ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tó wá ṣe ìgbéyàwó — wọ́n á sùn lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ méjì, wọ́n á lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ànú, ló ń bá wọn dúnàádúrà lórí fóònù láti Èkó. Ìyàwó Fóònù ni mo ń pè é nínú ikùn mi. Èmi ni mo ń fọṣọ, mo ń gbálẹ̀, mo ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń fún mi ní nǹkan lóṣooṣù. N kò ní í purọ́, ó ń tó mi jẹun.

N kò sì bínú sí ilé àlejò. Òrùlé tó ń jò láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Ti Àjíǹde ni àṣìṣe mi. Ilé kún. Tọkọtaya kan dé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, àṣé Ànú ti fún àlejò mìíràn ní yàrá tó fún wọn. Ọmọ náà ń ké, ìyá rẹ̀ jókòó sórí báàgì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọ yàrá mi, ọjọ́ méjì péré. Èmi sùn sí yàrá ìkẹ́rùsí, àpò gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. Àánú ló ṣe mí. Bí ìyá mi ì bá ti ṣe é náà nìyẹn.


Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

Ẹ̀rọ omi bàjẹ́. Omi kànga ni mo fà. Èjìká ń dùn mí.


Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì márààrún. Oòrùn kò ní í pẹ́ wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, Àbámẹ́ta, ń bọ̀ — n kì í ṣiṣẹ́, n kì í ṣòwò, n kì í fọwọ́ kan bírò títí oòrùn ọ̀la yóò fi wọ̀. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlejò tó bá dé kó mú tirẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó ṣì í mú.


Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Oòrùn ti wọ̀. Mo lè kọ ọ́ wàyí.

Lánàá, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ọkùnrin kan dé, báàgì lọ́wọ́. Ó wo ìṣó. Ó ní òun kò rí kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹfà. Mo ní kò sí yàrá kẹfà. Ó fa fóònù yọ, ó fi hàn mí.

Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni mo rí. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi. Fèrèsé mi, pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ tí mo fi bò ó. Àwòrán ìyá mi tó máa ń wà lára ògiri nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò: ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí Ànú wá láti Èkó, tó ní òun fẹ́ bá mi tún yàrá mi ṣe lẹ́yìn àlejò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ se ìkọ́kọrẹ́ fún un.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó má bínú, yàrá mi nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ń sùn. Onísùúrù ni. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó ní, ‘Ẹ má ṣèyọnu, Mà.’ Ọ̀kadà gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Ìyàwó Fóònù ni. N kò gbé e. Ọ̀rọ̀ owó ni, oòrùn sì ti wọ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ara mi sinmi, ọkàn mi kò sinmi.


Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Ànú pè ní aago méje àárọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀ nínú fóònù bí ìyàwó ilé ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní àlejò ti kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa ilé sórí ẹ̀rọ, ìyẹn kò sì dáa fún ọjà. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti gbé yàrá mi síbẹ̀. Ó ní, ‘Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ fi àlejò síbẹ̀. A rò pé ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀ ni.’ Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Dúrótìmí gba fóònù. Sísí mi báyìí, Sísí mi lọ́hùn-ún. Ó ti rò ó dáadáa: òun máa kọ́ yàrá kan fún mi ní ẹ̀yìnkùlé, yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, kí n má bàa máa bá àlejò pàdé pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn. ‘Ilé tiyín ni yóò jẹ́, Sísí.’ Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá wa ń so ewúrẹ́ mọ́.

Mo ní màá rò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ìdí tí n kò fi sọ pé rárá. Ẹni tí wọ́n ń fún lówó lóṣooṣù, ẹnu rẹ̀ a máa wúwo.

Kì í ṣe ti ibùsùn. Mo lè sùn níbikíbi, mo ti bá gàrí sùn. Nígbà tí bàbá wa kú, ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín ilé: ti ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, ti ọmọ ìyàwó kejì, ọgbọọgba. Yàrá mẹ́ta ni ì bá kàn mí, nítorí èmi nìkan ni ìyá mi bí. Mo ní yàrá ìyá mi tó mi, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà mú ìyókù. Gbogbo ẹbí yìn mí. Bí mo bá wá kúrò nínú ọ̀kan yìí, kò sí ibi kankan mọ́ nínú ilé yìí tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ibí ni Àwẹ̀ró gbé.


Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Hussainat wá jókòó sí ọ̀dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ni, ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé láti ọdún mẹ́rin, Ṣàgámù ló ti ń ṣiṣẹ́. Onílé rẹ̀ ti fún un níwèé kó jáde. Wọ́n fẹ́ lẹ táìlì.

Ó ti wá yàrá káàkiri Irolu. Àwọn tó ní yàrá kò fẹ́ ayálégbé ọlọ́dún mọ́, gbogbo wọn ń retí òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn tíṣà méjì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ti Ṣàgámù gun ọ̀kadà wá báyìí. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọmọ á dúró dè wọ́n.

Mo kà á lójú títì wa: ilé mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú wọn ń wà ní títì láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀. Oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé ní Àbámẹ́ta òun kì í rí búrẹ́dì tó. Ní Ọjọ́rú, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́ nígbà tó bá bu.

N kò lè wo ojú Hussainat dáadáa. Ilé wa ni wọ́n wò kọ́ ọ.


Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti yọ yàrá kẹfà kúrò lórí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀ — ‘fún ìgbà díẹ̀’, bí Ànú ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ nìyẹn. Mo ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn kí n tó lọ ra ata.


Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ wá gbọ́ tẹnu wa lórí òfin ilé àlejò. Wọ́n ní àtoṣù Kìíní làwọn ti ń kọ ọ́, ó kù díẹ̀.

Onílé òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ìwé tí ìjọba ń gbé wá lòun ń sanwó sí, títí kan ti pátákó tó kọ orúkọ sí, àwọn tó ń fi pálọ̀ gbàlejò kò san ohunkóhun. Onílé Hussainat dìde, ó ní owó ọdún kan tí nọ́ọ̀sì ń san, ọ̀sẹ̀ ìgboyè méjì ni òun fi ń rí i. Ó ní ọmọ lòun ń fi owó náà tọ́, ta ni kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Hussainat náà sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé tí ara ẹnìkan bá bàjẹ́ ní Irolu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé àlejò ìgboyè ló máa fún un lábẹ́rẹ́? Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé wá dìde. Olórí ẹbí wa ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò bá ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, òrìṣà bàbá rẹ̀ ló ń sìn, oko ló ń lọ. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó ní, ‘Èmi kò mọ nǹkan lórí fóònù. Mo mọ àlejò. Àlejò tó bá wọ̀lú, ó lí ẹni tó gbọ́dọ̀ kí. Àwọn tí wẹ́n ń wá yìí, ta lí wẹ́n ń kí? Kọ́kọ́rọ́ lí wẹ́n ń kí, lórí ìṣó.’

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ìtìjú bá mi. N kì í ṣòwò lẹ́yìn oòrùn Ẹtì, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kíkí èèyàn jẹ́ òwò?


Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Mo yọ ìṣó náà. Mo tún kàn án padà.


Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Bíríkìlà méjì dé ní aago mẹ́jọ. Dúrótìmí ló rán wọn. Wọ́n ta okùn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n lọ jẹun: ìṣísẹ̀ mẹ́rin ní mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi máa wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ní í wọlé.

Mo fún wọn lómi mu. Kì í ṣe àwọn ni mo ń bá jà.


Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ bá Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé. Ó ń bó obì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, ‘Bàbá, ẹ dójú tì mí níwájú ìlú.’ Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣó lòun bá wí, òun kò bá èèyàn wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un — Àjíǹde, fọ́tò, ìpìlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó bó obì ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní, ‘Mẹ́ta lí tìrẹ. Ìdí-igi méjì, yàrá mẹ́fà. Béèrè mẹ́ta rẹ, kí orí àbúrò rẹ pé.’

Mo ní n kò fẹ́ mẹ́ta. Mo ti sọ pé ọ̀kan tó mi, lójú gbogbo yín.

Ó wò mí bí ẹni ń wo iṣu tí kò ta. Ó ní, ‘Yún jókòó lórí kan ọ̀hún nígbà náà. Bí o bá yún ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ lí o gbé jáde.’

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mo sunkún díẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà rò pé eruku ni.


Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún

Òfin ti jáde. Ọmọbìnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀, Pẹ̀lúmi lórúkọ rẹ̀, ń lọ láti ilé dé ilé. Ó fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ó ka òfin fún mi. Gbogbo ilé tó ń gba àlejò ọlọ́jọ́ kan, ọlọ́jọ́ méjì gbọ́dọ̀ gba ìwé. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, olórí ẹbí máa tẹ̀ka, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì máa fọwọ́ sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un lẹ́yìn ìpàdé ni, ọ̀rọ̀ bàbá àgbà kan ló fà á: ọmọ ilé kan gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé náà, kó máa sùn níbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, òun ni yóò máa gba àlejò. Ilé tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ni wọ́n máa pa ìwé dé.

Ó ka yàrá. Ó dé ẹnu tèmi. Ó ní lórí ẹ̀rọ, òun rí i tẹ́lẹ̀ pé yàrá kẹfà ni. Mo ní yàrá ìyá mi ni. Ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan, ó ní, ‘Màmá, ta ló ń gbé ilé yìí?’

Ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, ‘Èmi ni.’

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi tó ni òwò àlejò yìí lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì. Mo fi ìwé òfin ránṣẹ́ sí Dúrótìmí lórí fóònù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fúnra mi. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.


Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Hussainat kó lọ. Ijoku ní Ṣàgámù ló ti rí yàrá, yàrá kan dípò méjì, ó sì ti san ti ọdún kan. Mo bá a di àwo. Ó fún mi ní àpótí oògùn rẹ̀ tó kù díẹ̀, ó kọ bí mo ṣe máa lò ó sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òfin ì bá tilẹ̀ ti jáde lóṣù kan ṣáájú, kì bá ràn án lọ́wọ́. Òfin kò tilẹ̀ dárúkọ ayálégbé.


Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Àwọn bíríkìlà kò wá. Òjò. Ìpìlẹ̀ kún fómi, pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wẹ̀ níbẹ̀.


Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún

Dúrótìmí pè. Ohùn dídùn. Ó béèrè èjìká mi. Ta ló sọ fún un pé èjìká ń dùn mí? Ó ti gba fọ́ọ̀mù, ó ti kọ nǹkan sí i. Ó ku ọwọ́ Bàbá àti ọwọ́ mi. Èmi ni ìdí-igi Àwẹ̀ró, èmi náà ni ẹni tó ń gbé ilé. Ibi méjì ni wọ́n ti nílò mi, kò sì sí ẹlòmíràn.

Ó ní kí n kàn fọwọ́ sí i pé inú ilé ni mò ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé náà, ṣé kì í ṣe inú ilé ni? Mo ní Pẹ̀lúmi á wá wò ó. Ó ní Pẹ̀lúmi kò ní í wá lálaalẹ́.

Ó ní òun máa fi fọ́ọ̀mù rán awakọ̀. Mo ní rárá. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn. Mo ní, ‘Wá fúnra ẹ.’ Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ní èmi náà ní aṣọ láti fọ̀, ó dàbọ̀.


Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ìgboyè. Yàrá márààrún ló ti lẹ́ni láti oṣù tó kọjá, títí kan yàrá kejì tí í ṣe ti Dúrótìmí gan-an. Mo lọ aṣọ ìrọ̀rí mẹ́rìnlá. Dúrótìmí ní òun ń bọ̀ lọ́la, aago méjì ọ̀sán, òun á padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Mo sọ ọ́ fún ògiri nígbà tí mò ń lọ aṣọ. Ọ̀kan: n kò ní í fọwọ́ sí i bí yàrá mẹ́fà bá wà níbẹ̀. Èkejì: kí wọ́n kó iyanrìn wọn kúrò lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà gùn, mẹ́ta ni tèmi, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí, n kò fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè sọ ọ́.


Ẹtì, 30 Oṣù Karùn-ún

Aago mẹ́fà ku díẹ̀. Dúrótìmí kò tíì dé. Tírélà ṣubú lójú títì márosẹ̀. Mo ti wẹ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀.


Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ gbogbo rẹ̀ kó má bàa bọ́.

Oòrùn ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí Dúrótìmí dé. Eruku gbogbo ara. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Bíbélì lórí itan, mò ń kí àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fa ápòòwé yọ. Ó ní ìṣẹ́jú kan péré ni. Mo ní Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ti ápòòwé padà sínú báàgì. Ilé kan náà ni wọ́n ti bí wa, ó mọ̀ mí.

Ó ní kò burú, òun á sùn, a ó ṣe é lọ́la. Ó na ọwọ́ sí ìṣó. Ìṣó ṣófo.

Ó ní, ‘Ta ló wà ní yàrá mi?’ Mo ní ìdílé kan láti Ìbàdàn, èèyàn mẹ́rin, ọmọ wọn ń gboyè. Ó pe Ànú. Ànú pe òtẹ́ẹ̀lì, ó pe Ṣàgámù, ó tún pe ibòmíràn. Gbogbo ibi kún. Ó dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń ní kó yà fún àwọn kọjá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bó ti ṣe mí ní Àjíǹde náà ni.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò jáde kúrò ní yàrá mi. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, èmi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ náà ló ń sùn nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé obì lọ sí ilẹ̀ Hausa, tí ìyá mi ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣáà béèrè pé níbo ni àwòrán Ìyá wà. Mo ní nínú kọ́bọ́ọ̀dù, láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé e síbẹ̀. Ó dìde, ó gbé e kọ́ padà. N kò lè kàn án fúnra mi.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi lohun tó dùn ún ṣẹlẹ̀. Ó jáde lọ wẹ̀. Bàbá àwọn ará Ìbàdàn náà ń jáde láti ilé ìwẹ̀, ó sì kí i tẹ̀ríntẹ̀rín: ‘Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ṣé ẹ̀yin náà wá fún gírádúéṣọ̀n? Yàrá wo ni wọ́n fún yín?’ Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbọ́. Dúrótìmí ń wo táwẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé kò gbọ́. Ó mú un lọ́wọ́, ó fi bọ́tìnnì omi gbígbóná hàn án, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ kó sì dúró díẹ̀, pé ó máa ń pẹ́. Dúrótìmí fúnra rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ yẹn. Ó ní, ‘Ẹ ṣeun, sà.’

Gbogbo ọjọ́ náà ló fi jókòó sábẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ìpìlẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ.

Àárọ̀ yìí Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé gun ọ̀kadà wá. A jókòó ní pálọ̀, àwa mẹ́ta. Dúrótìmí tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye yàrá àlejò, ó ti fi bírò búlúù kọ ọ́ láti Èkó: 6. Bàbá wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ.

Mo la ẹnu. Mo ní, ‘N kò ní í fọwọ́ sí mẹ́fà. Márùn-ún ni.’ Ọ̀rọ̀ kìíní nìyẹn. Mo ti ń mí sínú fún èkejì. Dúrótìmí gba bírò, ó fa ìlà sí 6, ó kọ òmíràn. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mẹ́rin ló kọ.

Mo ní, ‘Márùn-ún ni mo wí.’

Ó ní, ‘Mo gbọ́, Sísí. Èmi náà ń wá sílé.’

Ọ̀rọ̀ kejì àti ẹ̀kẹta ṣì wà nínú mi. Wọn kò jáde. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé tẹ̀ka, ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ agbádá. Mo kọ Àwẹ̀ró síbi ìdí-igi. Mo kọ orúkọ tèmi síbi ẹni tó ń gbé ilé.

Ó ku yàrá ìkẹ́rùsí, mo sọ fún Dúrótìmí kó tó wọkọ̀: tí wọ́n bá kó gàrí kúrò, tí wọ́n fi fèrèsé sí i, nọ́ọ̀sì kan lè gbé ibẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Èmi náà mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Àwọn ará Ìbàdàn ti lọ. Dúrótìmí kò fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kejì kọ́ sórí ìṣó. Ó ti mú un lọ sí Èkó nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.